Ilẹ̀ amọ̀ ẹ̀bá òkè ayọnáyèéfín: pupa, dúdú fífúyẹ́ tàbí dúdú tó ń sán, èwo ló yẹ yín?

Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ oko ní ẹ̀bá òkè ayọnáyèéfín, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tà á ni pé, “Ilẹ̀ dúdú ni, ó lọ́ràá.” Ẹ má tíì sanwó. Oríṣi ilẹ̀ dúdú méjì ló wà ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ìwà wọn ò sì jọra rárá. Ọ̀kan fúyẹ́, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì wúwo, ó ń dá omi dúró lójú oko títí gbòǹgbò á fi rà. Ilẹ̀ pupa tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú kéré ló sì sábà máa ń dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹni tó fẹ́ gbin igi tí yóò pẹ́. Àwọ̀ nìkan ò tó ohun tí èèyàn ń wò ra ilẹ̀. Kòtò àti ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ káàkiri ayé ń pè wọ́n nìyí: èyí tó pupa ni Nitisol, dúdú tó fúyẹ́ ni Andosol, dúdú tó ń sán ni Vertisol. Àwọn orúkọ yìí la ó máa lò, torí òun lẹ máa rí lórí máàpù ilẹ̀ àti nínú ìwé èsì láàbù.

Òkè kan, ilẹ̀ mẹ́ta

Òkè Kẹ́ńyà la fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti lè rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ìrìn ọjọ́ kan. Òkè náà ga tó mítà 5,199, iná inú rẹ̀ sì ti kú tipẹ́tipẹ́. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú igbó tó tutù ní ìhà gúúsù rẹ̀, Andosol lẹ máa kọ́kọ́ bá. Lẹ́yìn náà lẹ máa wọ inú ilẹ̀ pupa Nitisol, níbi tí tíì àti kọfí Nyeri, Kirinyaga àti Murang'a wà. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Mwea, tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,150, ilẹ̀ ti di dúdú padà. Vertisol nìyẹn, ìrẹsì ni wọ́n sì ń fomi gbìn sórí rẹ̀ láti àwọn ọdún 1950.

Àpáta tó bí wọn jọra. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọjọ́ orí, òjò, àti ibi tí omi ń gbà jáde. Eérú tí òkè bá tú jáde kún fún àwọn ègé wẹ́wẹ́ tó ń dán, tí wọ́n sì máa ń tètè jẹrà. Wọ́n ń jẹrà kíákíá débi pé àwọn èròjà inú wọn kì í ráyè tò bó ṣe yẹ. Ohun tó ń jáde nínú rẹ̀ ni allophane, amọ̀ tí kò ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ, tó ń gbá ilẹ̀dú (ìyókù ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà) mọ́ra tí kì í jẹ́ kó tètè jẹrà tán. Ìdí tí Andosol fi dúdú nìyẹn.

Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, tí òjò ń fọ ilẹ̀, allophane á di halloysite, á tún di kaolinite, ìyẹn irú amọ̀ méjì mìíràn, irin inú àpáta á sì pọ́n. Nitisol ti dé nìyẹn. Àmọ́ silica (èròjà tó wà nínú iyanrìn), kálísíọ̀mù àti magnéṣíọ̀mù tí omi fọ̀ kúrò lókè kò parẹ́. Wọ́n ń bá omi sọ̀ kalẹ̀, níbi tí omi ò sì ti ríbi jáde ni wọ́n ń kóra jọ sí. Ibẹ̀ ni smectite ti ń hù, ìyẹn amọ̀ tó ń wú bí ó bá mumi, tó sì ń súnkì bí ọ̀dá bá dé. Ó tún lè hù láti ara àpáta dúdú tó wà nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó wo àwọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí oko wà lára òkè àti ibi tí omi ń gbà kúrò nínú rẹ̀.

| | Nitisol (pupa) | Andosol (dúdú fífúyẹ́) | Vertisol (dúdú tó ń sán) |
|---|---|---|---|
| Ibi tó sábà wà | gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àárín òkè | apá òkè tó tutù, ibi tí eérú dà sí | pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti àfonífojì |
| Amọ̀ | 30% sókè. Ó lè kọjá 60% | ó pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro wọ̀n | 30% sókè |
| Irú amọ̀ | kaolinite, halloysite | allophane, imogolite | smectite |
| Ìwúwo lítà kan tó gbẹ | bíi kílò 1 sí 1.3 | kílò 0.9 tàbí kó má tó o | ó lè kọjá kílò 1.5 |
| pH (bí ó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe ń kan tó) | bíi 5 sí 6.5 | kíkan ló sábà máa ń jẹ́ | bíi 6 sí 8.5 |
| Ohun tó bá a mu | tíì, kọfí, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo | pọ̀tétò, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, tíì | ìrẹsì, òwú, àlìkámà |
| Ohun tó ń bà á jẹ́ | kíkan ilẹ̀, àìrí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì | fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó há, ilẹ̀ yíya | omi dídúró, ilẹ̀ sísán |

Bí ẹ ṣe máa fọwọ́ ara yín mọ̀ wọ́n

Ẹ gbẹ́ kòtò. Kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Mítà kan ààbọ̀ ni kó jìn, kó fẹ̀ tó kí èèyàn kan dúró sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́. Ẹ gbẹ́ ẹ sí ibi mẹ́ta, lókè oko, láàárín, àti nísàlẹ̀, nítorí pé oko kan ṣoṣo lè jẹ́ Nitisol lókè kó sì di Vertisol nísàlẹ̀. Ẹni tó bá wo òkè nìkan ti ra ohun tí kò mọ̀.

Nínú kòtò Nitisol, ẹ ò ní rí ìlà tó pààlà láàárín ìpele kan àti èkejì. Pupa náà ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ẹ ò sì ní lè tọ́ka sí ibi tó ti yí. Ẹ yọ ògúlùtu kan láti bíi sẹ̀ǹtímítà 80, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́. Ó máa tú sí ègé kéékèèké bí èkùrọ́, tí etí wọn mú, tí ojú wọn sì ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Dídán yẹn ni àmì tó dájú jù lọ. Gbòǹgbò máa ń wọlẹ̀ láàárín àwọn ègé wọ̀nyí, ó sì lè kọjá mítà méjì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ pupa ni Nitisol. Bí ọkọ́ yín bá kan yangí ní sẹ̀ǹtímítà 40 tàbí 60, bó ti wù kí òkè rẹ̀ pupa tó, ẹ má san owó Nitisol fún un. Gbòǹgbò kọfí ò ní kọjá ibẹ̀, ọ̀dá àkọ́kọ́ ló sì máa fi í hàn.

Andosol, ìka ni ẹ fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ mú díẹ̀ tó ṣì tutù láti inú kòtò, ẹ fi ìka méjì fún un kíkankíkan. Bí ó ṣe wà lọ́wọ́ yín, ẹ máa rò pé ó le díẹ̀. Lójijì ló máa yọ̀, omi á jáde lára rẹ̀, ìka yín á sì máa yọ̀ bí ẹni fọwọ́ kan ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, á tún le padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn ìwúwo rẹ̀. Agolo tí gíga inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7.5, ń gba bíi mílílítà 442. Ẹ gé ìdí agolo náà kúrò, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ gé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tẹ́, kí ẹ sì gbé ilẹ̀ inú rẹ̀ sínú ààrò tó gbóná ní 105°C fún wákàtí 24. Tí ìwúwo gbígbẹ rẹ̀ ò bá ju gíráàmù 398 lọ, lítà kan rẹ̀ ò ju kílò 0.9 lọ nìyẹn, Andosol ló sì ṣeé ṣe kó jẹ́.

Ti Vertisol rọrùn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: ilẹ̀ á sán, igi tẹ́ẹ́rẹ́ á sì wọ inú ihò rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ mọ èyí, wọ́n sì lè dúró di ìgbà òjò kí wọ́n tó mú yín lọ wò ó. Ẹ fi ìdánwò ọ̀pá bá wọn ṣe é. Ẹ ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò, ẹ fi omi po ilẹ̀ náà títí yóò fi rí bí àmàlà tó le díẹ̀, ẹ yí i sí ọ̀pá tín-ínrín tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 géérégé, ẹ sì gbé e sí ibòji kó gbẹ pátápátá. Oòrùn gbígbóná á jẹ́ kó tẹ̀ kó tó gbẹ, ìwọ̀n yín á sì ṣìnà. Tí ó bá kù sí 9.4 tàbí kó má tó o, ilẹ̀ tó ń wú tó sì ń súnkì gan-an ni.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wáyé ni pé Andosol náà lè súnkì bí ó bá gbẹ. Torí náà, ẹ ju ọ̀pá gbígbẹ náà sínú omi. Ti Vertisol máa rọ̀, á wú, á tún di ẹrẹ̀. Ti Andosol tó ti gbẹ pátápátá kì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Á tú sí kóró líle tí kì í mumi dáadáa mọ́. Ìyàtọ̀ yẹn ni kí ẹ wò.

Bí ìyèméjì bá ṣì wà, ẹ ní kí láàbù fi sodium fluoride dán an wò: gíráàmù 1 ilẹ̀ nínú mílílítà 50 omi sodium fluoride 1 molar, kí wọ́n ka pH rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2. Bí ó bá tó 9.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, allophane tàbí alumíníọ̀mù tó so mọ́ ilẹ̀dú ló fà á. Ìdánwò yìí ò ṣeé gbára lé níbi tí ẹfun bá wà nínú ilẹ̀. Májèlé sì ni kẹ́míkà náà, kì í ṣe ohun tí à ń ṣe ní ilé ìdáná.

Nitisol: ohun tí ẹ ń rà, àti gbèsè inú rẹ̀

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló ń dárí ji àgbẹ̀ jù. Omi òjò ń wọ inú rẹ̀ kíákíá láìka bí amọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó, nítorí irin inú rẹ̀ so amọ̀ náà pọ̀ sí kóró kéékèèké tí omi ò lè tètè tú. Kì í pẹ́ lẹ́yìn òjò kí ẹ tó lè fi ọkọ́ kàn án. Ó sì ń tọ́jú omi sí ìsàlẹ̀ fún igi tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn.

Gbèsè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìkan, ìyẹn kíkan ilẹ̀. Ajílẹ̀ tó ní náítírójìn ń mú ilẹ̀ kan sí i lọ́dọọdún: kílò 1 náítírójìn láti ara urea nílò bíi kílò 1.8 ẹfun láti fi pa ìkan rẹ̀, ti ammonium sulphate sì tó kílò 5.4. Àgbẹ̀ tíì ò ka èyí sí wàhálà, nítorí ilẹ̀ kíkan ni tíì fẹ́, bíi pH 4.5 sí 5.5. Ajílẹ̀ NPK 26:5:5 tí àwọn àgbẹ̀ tíì kéékèèké ní Kẹ́ńyà ń lò bá igi wọn mu. Ẹni tó bá wá ra oko tíì àtijọ́, tó hú igi rẹ̀, tó sì gbin àgbàdo àti ẹ̀wà síbẹ̀, ni ọ̀rọ̀ máa dé bá. Alumíníọ̀mù àti máńgánísì á pọ̀ jù nínú omi ilẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀wà á kúrú, á wú bọ́rọ́bọ́rọ́, ewé rẹ̀ á sì ká kò. Bí pH bá wà lábẹ́ 5.5, ẹ ka owó ẹfun mọ́ owó ilẹ̀ kí ẹ tó dá iye. Kọfí wà láàárín: ó lè fara da ìkan díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ tó ti tíì.

Gbèsè kejì ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn kan tí irin inú ilẹ̀ ń gbà mú. Ẹ má fọ́n ọn ká ojú oko. Ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ ebè, bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí irúgbìn àti sẹ̀ǹtímítà 5 nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì po ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà mọ́ ọn. Ilẹ̀dú inú ìgbẹ́ máa gba díẹ̀ nínú àyè tí irin fẹ́ fi mú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ohun ọ̀gbìn á sì rí ìyókù jẹ.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Nitisol lágbára ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ lójú ọ̀gbàrá, ṣùgbọ́n kò kọjá kó wọ́ lọ bí ojú rẹ̀ bá wà ní ìhòòhò. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ Kẹ́ńyà ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní fanya juu, ni kí wọ́n gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó sì jìn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 60, lọ́nà tó dábùú òkè, kí wọ́n sì da erùpẹ̀ rẹ̀ sí apá òkè, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀. Wọ́n á gbin koríko ẹran sórí rẹ̀. Bí ọdún ti ń lọ, ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa tẹ́jú fúnra rẹ̀.

Andosol: ó rọ̀ lọ́wọ́, kò sì rọrùn láti bọ́

Fún ohun tí à ń hú nínú ilẹ̀, kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Pọ̀tétò á tóbi, á rí bìrìkìtì, ọwọ́ lásán lẹ sì lè fi hú kárọ́ọ̀tì láìṣẹ́. Omi pọ̀ nínú rẹ̀ fún ohun ọ̀gbìn. Owó ajílẹ̀ ni ìṣòro. Nínú ìdánwò láàbù tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, ó ń gba 85% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n bá pò mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbé ìwọ̀n ajílẹ̀ tó ń lò lórí ilẹ̀ mìíràn wá síbí máa rí i pé ewé pọ̀tétò ṣókùnkùn, igi rẹ̀ sì kúrú, bí ẹni pé kò fi nǹkan sí i rí. Fífi ajílẹ̀ sí ìdí irúgbìn ṣe pàtàkì níbí ju ti Nitisol lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé pH rẹ̀ sókè, ẹfun tó máa gbà á ju èyí tí ẹ rò lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ láìní ìbòrí. A ti sọ pé èyí tó bá gbẹ pátápátá kì í padà sípò. Koríko gbígbẹ lórí ebè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe àṣejù.

Ohun tó ń dùn wá jù ni ti ilẹ̀ yíya, kì í sì í ṣe Andosol nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ilẹ̀ amọ̀ tó nípọn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ayọnáyèéfín lè ya lẹ́ẹ̀kan náà bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ní Bududa, ní ẹ̀gbẹ́ Òkè Elgon ní Ùgáńdà, ilẹ̀ ya ní oṣù kẹta ọdún 2010, ó sì bo abúlé mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lórí. Gígé ìdí òkè láti fi tẹ́ pèpéle ilé àti gígé igi tí gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ mú máa ń pa kún ewu náà. Kí ẹ tó ra ilẹ̀ tó ga, ẹ wá ìsán tó tẹ̀ bí òṣùpá tó dábùú òkè, igi tó wó síwájú tí orí rẹ̀ sì tún nà sókè, àti orísun omi tuntun tó ń ru ní ìdí òkè. Bí ẹ bá rí méjì nínú wọn, ẹ má kọ́lé síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ sùn síbẹ̀.

Vertisol: gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ omi

Oúnjẹ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti àwọn méjì tó kù lọ, pàápàá kálísíọ̀mù àti magnéṣíọ̀mù. Omi ló ń jẹ gàba lórí rẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ á gba inú ìsán wọlẹ̀ ṣàn-àn. Tí ìsán bá ti dí, omi ò ní fẹ́ wọlẹ̀ mọ́ rárá. Bí ó bá tutù, ó lẹ̀ mọ́ ọkọ́ àti táyà katakata. Bí ó bá gbẹ, ó le bí àpáta. Ọjọ́ díẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì tí ilẹ̀ ṣeé ro, ẹni tó sì ń háyà katakata lè má rí i gbà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ro ìyẹn mọ́ owó yín.

Ìrẹsì ò bá a jà, nítorí dídá omi dúró gan-an ni ìrẹsì ń wá. Ẹ máa ṣọ́ síńkì, torí ó máa ń ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ ìrẹsì tó kún fómi. Fún àlìkámà tàbí téèfù (ọkà wẹ́wẹ́ kan), Ethiópíà ló ní ẹ̀kọ́ tó dára jù. Àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń dúró kí òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó gbìn, èyí sì ń jẹ́ kó pàdánù ọ̀pọ̀ nínú àkókò òjò. Irinṣẹ́ tí màlúù ń fà ni wọ́n wá fi ń kọ ebè fífẹ̀: ebè sẹ̀ǹtímítà 80, poro sẹ̀ǹtímítà 40 láàárín wọn. Omi á gba poro jáde, wọ́n á sì lè gbìn ṣáájú. Poro náà gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń tú sí. Bí kò bá níbi tó ń lọ, oko aládùúgbò lẹ bu omi sí nìyẹn.

Kọfí, tíì àti píà kò yẹ ibẹ̀. Gbòǹgbò wọn á rà ní ìgbà òjò, èyí tó bá kù á já bí ilẹ̀ ṣe ń súnkì. Ilé náà ń jìyà: ògiri á sán, ilẹ̀kùn ò ní pa dé mọ́, òpó ọgbà á dà. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ kọ́lé síbẹ̀, kí ó pe ẹnjiníà kó tó da ìpìlẹ̀.

Ní ìtòsí wa

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà lè rí irú ilẹ̀ wọ̀nyí láìrìn jìnnà. Àgbègbè Panyam lórí òkè Jos wà lórí àpáta ayọnáyèéfín. Òkè Kamẹrúùn, tó bú gbàù ní 1999 àti 2000, ní ilẹ̀ eérú ní ara rẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá ò ní òkè ayọnáyèéfín, àmọ́ ilẹ̀ pupa alámọ̀ tó wà ní ìhà Itagunmodi, nítòsí Iléṣà, jẹ́ láti ara amphibolite, àpáta dúdú tó kún fún irin, kòkó sì ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Ìdánwò kòtò àti ti yangí tí a sọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ń gbé ilẹ̀ lọ sí láàbù, ẹ bù ú láti ibi 15 sí 20 nínú oko kan, láti ojú ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ pò wọ́n nínú garawa tó mọ́, kí ẹ sì mú bíi ìdajì kílò. Ẹ ya òkè oko sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fura pé Andosol ni, ẹ má sá a, ẹ dì í tútù sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí wọ́n má gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó wọn amọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti gbẹ ò ní tú sínú omi mọ́, èsì á sì jáde bí ẹni pé iyanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.